Owó Ọwọ́, Káàdì tàbí Transfer: Bí A Ṣe Lè Yan Ọ̀nà Tí A Ó Fi Sanwó

Ní oṣù Kejì ọdún 2023, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Yorùbá ló ní owó ní báńkì tí wọn kò sì rí owó ọkọ̀ san. Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, tí a mọ̀ sí CBN, ti ní kí wọ́n kó owó 200, 500 àti 1,000 náírà àtijọ́ padà, owó tuntun kò sì kárí. Àwọn ènìyàn ń fi owó ra owó lọ́dọ̀ oní-POS, ẹni tó bá sì fẹ́ fi fóònù sanwó á tẹ̀ ẹ́ títí, kò ní lọ. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tó dájọ́ pé kí owó àtijọ́ ṣì máa jẹ́ níná. Ìnira náà kọjá, ṣùgbọ́n ọjà kò padà sí bó ṣe wà. Láti ìgbà náà ni nọ́ńbà àkáǹtì ti ń wà lára páálí níwájú ẹlẹ́wà, oníbọ̀ọ̀lì àti aránṣọ tí kò gba ohun mìíràn rí ju owó ọwọ́ lọ.

Nísinsin yìí tí ọ̀nà mẹ́ta wà nílẹ̀, èyí tó bá kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn ni ọ̀pọ̀ wa fi ń sanwó. Mo rọ ẹ̀yin òǹkàwé pé kí ẹ máa bi ara yín ní ìbéèrè kan ná: bí owó yìí bá há sọ́nà, ta ni yóò jìyà rẹ̀, báwo ni yóò sì ṣe padà? Owó ọwọ́ kì í há. Bí ó bá ti kúrò lọ́wọ́ yín, ọ̀rọ̀ ti parí, ṣùgbọ́n bí ó bá sọnù, ó sọnù náà nìyẹn. Owó tí a fi káàdì san lórí ẹ̀rọ POS lè há, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà, òfin sì wà lórí bí yóò ṣe padà. Transfer ń dé láàárín ìṣẹ́jú àáyá, ṣùgbọ́n bí ó bá wọ àkáǹtì ẹlòmíràn, báńkì yín kò lè dédé fà á padà láìjẹ́ pé ẹni náà yọ̀ǹda tàbí pé ilé ẹjọ́ pàṣẹ. Ìyàtọ̀ mẹ́ta yìí ni gbogbo ìmọ̀ràn tó wà nísàlẹ̀ dúró lé.

Ibi tí a kò gbọdọ̀ dé láìsí owó lọ́wọ́

Ọkọ̀ ni àkọ́kọ́. Kọ̀ńdọ́ danfo tó ń pariwo pé "Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o" kò ní dúró de álẹ́ẹ̀tì lábẹ́ bíríìjì Ọ̀ṣòdì. Bákan náà ni ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà àti oní-Márúwá rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn mìíràn nínú wọn ti ń gba transfer. Ẹ máa fi owó 100 àti 200 náírà sínú àpò tó yàtọ̀ sí ibi tí owó ńlá wà, kí ẹ má baà máa ka owó níwájú èrò. Ẹni tó bá sì fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì BRT tàbí ọkọ̀ ojú irin ní ìlú Èkó, káàdì Cowry ni wọn yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, bó ṣe rí lórí Blue Line nìyẹn láti ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàárín Marina àti Mile 2. Ẹ fi owó sórí káàdì náà ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kì í ṣe nígbà tí ọkọ̀ bá ti ń bọ̀.

Ọjà ni èkejì. Ẹni tó ń ra ata níbì kan ní Bódìjà, tó ra ẹ̀fọ́ níbòmíràn, tó sì yà ra irú lọ́wọ́ ìyá àgbà tó jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, bí ó bá ní fóònù ni òun yóò fi san gbogbo rẹ̀, nẹ́tíwọ̀kì lè dá a dúró níbi mẹ́ta. Ìyá onírú yẹn lè má ní àkáǹtì rárá. Nọ́ńbà tí yóò kà fún yín lè jẹ́ ti ọmọ rẹ̀ tó wà ní ìlú mìíràn, kò sì ní mọ̀ bóyá owó wọlé àfi bí ó bá pe ọmọ náà, tí ọmọ náà sì gbé fóònù. Irú oníṣòwò bẹ́ẹ̀ ni owó tó há máa ń dùn jù lọ, nítorí èrè tí yóò jẹ lórí irú tó tà kò tó owó ìpè tí yóò fi wádìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún un ní owó ọwọ́. Owó ọwọ́ a sì tún máa bá ẹni ná ọjà: bí ọlọ́jà bá rí owó tí ẹ ti kà sọ́wọ́, ó máa ń tètè gbà.

Ní ti iye tó yẹ kó wà lọ́wọ́, ohun tí mo gbà nímọ̀ràn ni èyí tí yóò gbé ará ilé yín fún ọjọ́ méjì: owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, owó oúnjẹ, àti owó oògùn bí ara ọmọdé bá ń gbóná lóru tí ẹ̀rọ ilé oògùn kò sì ṣiṣẹ́. Èyí tó bá ju ìyẹn lọ, báńkì ni kó wà.

Bí ẹ bá ń gba owó, pàápàá ní ìrọ̀lẹ́ tí iná kò mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ wò ó kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ẹ fi ìka ra ojú rẹ̀: lẹ́tà àti àwòrán orí owó gidi máa ń hàn lábẹ́ ìka pé wọ́n yọ sókè díẹ̀, ṣùgbọ́n ti ayédèrú máa ń tẹ́jú bí ìwé lásán. Ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ kí ẹ rí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba inú rẹ̀ kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lórí owó 1,000 náírà àtijọ́, ẹ fi èékánná ha ibi tó ń dán bíi wúrà lójú rẹ̀. Ti gidi kì í bó. Owó tó ya tàbí tí wọ́n fi sẹlotéèpù lẹ̀, ẹ dá a padà lójú ẹsẹ̀, nítorí kọ̀ńdọ́ tó kàn kò ní gbà á lọ́wọ́ yín.

Ọ̀rọ̀ òde àríyá kò ṣe é fò. Mo mọ bí níná owó fún olórin àti ẹni tó ń ṣe ayẹyẹ ṣe jẹ́ iyì lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n òfin CBN ti ọdún 2007, ní abala 21, ka níná owó sára ènìyàn, jíjó lórí rẹ̀ àti títẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, ìjìyà rẹ̀ sì ni ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ó kéré tán, tàbí owó ìtanràn 50,000 náírà ó kéré tán, tàbí méjèèjì. A ti rí àwọn gbajúmọ̀ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n. Ẹ fi owó náà sínú àpò ìwé kí ẹ kọ orúkọ yín sí i, tàbí kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì ọlọ́jọ́. Ẹni tó gbà á yóò mọ ẹni tó fún òun, kò sì sí ọmọ ìta tí yóò ṣa nínú rẹ̀.

Transfer, ní ọ̀dọ̀ ẹni tó ń san án àti ẹni tó ń gbà á

Ètò tí NIBSS, iléeṣẹ́ tó so àwọn báńkì Nàìjíríà pọ̀ mọ́ra, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2011 ló jẹ́ kí owó máa ti báńkì kan dé òmíràn kí a tó ṣẹ́jú. Ìyára yìí ló mú kí a fẹ́ràn rẹ̀, òun náà ló sì yẹ kó mú kí a fara balẹ̀.

Kí ẹ tó tẹ PIN, orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì yóò jáde lójú fóònù. Ẹ kà á sókè fún ẹni tí ẹ fẹ́ sanwó fún, kí òun fúnra rẹ̀ sì sọ pé òun ni. Kì í ṣe àṣejù rárá, òun ni ìdáàbòbò kan ṣoṣo tí ẹ ní. Nọ́ńbà àkáǹtì báńkì jẹ́ mẹ́wàá. Lọ́dọ̀ OPay, nọ́ńbà fóònù tí a yọ òdo àkọ́kọ́ kúrò níwájú rẹ̀ ni, nítorí náà ẹni tó bá ṣi nọ́ńbà kan tẹ̀ lè bá àkáǹtì ẹlòmíràn pàdé láìmọ̀. Ẹ tún ka òdo tó wà nínú iye owó náà: 5,000 àti 50,000 jọra lójú ẹni tó ń kánjú. Ẹ má sì ṣe fi owó ránṣẹ́ nígbà tí ẹ ṣì ń ná ọjà lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí iye parí, kí wọ́n di ọjà náà, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Ẹni tó ń tajà ni mo bẹ̀rù fún jù. Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ilẹ̀ ti ń ṣú, ọlọ́jà ti ń palẹ̀ mọ́, oníbàárà kan tó múra dáadáa ra ìrẹsì àti òróró, ó gba nọ́ńbà àkáǹtì, ó sì na fóònù rẹ̀ síwájú: àmì àwọ̀ ewé ń tàn níbẹ̀, orúkọ ọlọ́jà wà lábẹ́ rẹ̀, iye owó náà sì pé. Láàárín ìṣẹ́jú kan, àtẹ̀jíṣẹ́ wọ fóònù ọlọ́jà pẹ̀lú, ó ní owó ti wọlé. Oníbàárà ti gbé ọjà sínú kẹ̀kẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ọlọ́jà tó mọ̀ pé kò sí kọ́bọ̀ kan tó wọlé, nítorí áàpù ayédèrú ló ya ìwé ẹ̀rí yẹn, àtẹ̀jíṣẹ́ náà kò sì ti ọ̀dọ̀ báńkì wá.

Nítorí náà, ẹ má ṣe gba ìwé ẹ̀rí orí fóònù oníbàárà gẹ́gẹ́ bí owó, ẹ má sì ṣe gba àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan. Ẹ wo iye owó tó wà nínú àkáǹtì yín fúnra yín, yálà lórí áàpù tàbí nípa títẹ kóòdù báńkì yín, kí ẹ sì rí i pé ó lé sí i. Bí oníbàárà bá ń kánjú, tí ó ń bínú, tàbí tí ó ń sọ pé nẹ́tíwọ̀kì ni kò dára, ẹ fi sùúrù sọ fún un pé ọjà rẹ̀ yóò wà níbẹ̀ títí owó yóò fi hàn. Oníbàárà tòótọ́ náà yóò bínú nígbà mìíràn, mo mọ̀; ẹ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ sì dúró.

Bí ó bá jẹ́ pé ọmọṣẹ́ ló ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, ìṣòro náà tún le sí i, nítorí kò lè wo àkáǹtì ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀nà tó dára ni kí ẹ ya àkáǹtì kan sọ́tọ̀ fún ọjà nìkan, kí ẹ so ó mọ́ fóònù kékeré kan tí kì í kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, kí ọmọṣẹ́ sì kọ́ bí yóò ṣe máa wo iye tó wà níbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ kó owó náà lọ sí àkáǹtì tí kò sí lórí fóònù yẹn. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ POS tirẹ̀ lè ní kí oníbàárà fi owó ránṣẹ́ sí nọ́ńbà tó wà fún ẹ̀rọ náà, kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ sì jẹ́rìí sí i.

Káàdì

Ibi tí mo ti fẹ́ràn káàdì jù ni ilé ìtajà ńlá, ilé ìwòsàn, ilé epo àti ilé oògùn, níbi tí ẹni tó ń gbowó ti ní orúkọ àti àdírẹ́sì tí a lè padà sí. Ẹ máa fi ọwọ́ yín tẹ PIN, kí ọwọ́ kejì bo bọ́tìnì. Ẹ má ṣe pè é lẹ́nu fún ẹni tó gbé ẹ̀rọ dání, bó ti wù kí ó jẹ́ ọmọlúwàbí tó. Ní ilé epo, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ tẹ̀lé káàdì yín dé ibi tí ẹ̀rọ wà. Nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn káàdì ni àwọn olè fi ń ra nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya àwòrán rẹ̀. Kò sí òṣìṣẹ́ báńkì tó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè PIN tàbí nọ́ńbà ìdánilójú tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Ẹni tó bá béèrè rẹ̀, olè ni.

Ẹ má ṣe ju ìwé tí ẹ̀rọ bá tẹ̀ jáde nù. Bí ó bá kọ "Declined" tí álẹ́ẹ̀tì sì sọ pé wọ́n ti yọ owó, ìwé yẹn ni ẹ̀rí yín. Kí ẹ tó gbà kí wọ́n tún fa káàdì náà lẹ́ẹ̀kejì, ẹ wo àkáǹtì yín ná. Bí káàdì bá há sínú ẹ̀rọ ATM, ẹ má ṣe gba ìrànlọ́wọ́ àjèjì tó bá sáré wá. Ẹ pe báńkì láti ibẹ̀.

Àwọn òbí wa àgbà nílé máa ń fún ọmọ-ọmọ tàbí aládùúgbò ní káàdì àti PIN pé kí ó bá àwọn gba owó wá. Èyí a máa bà mí lọ́kàn jẹ́, nítorí wọn kì í lè fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni bí owó bá dín. Ó sàn kí ẹ ṣí àkáǹtì kékeré kan fún Màmá, kí ẹ máa fi owó oúnjẹ oṣù kan péré sínú rẹ̀, kí káàdì tó wà lọ́wọ́ wọn sì jẹ́ ti àkáǹtì yẹn nìkan. Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, owó oṣù kan ni, kì í ṣe owó ìfẹ̀yìntì.

Iye tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ń ná wa

Bí ẹ bá gba owó ní ATM báńkì yín, ọ̀fẹ́ ni. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún 2025, ATM báńkì mìíràn tó wà ní ọgbà báńkì ń gba 100 náírà lórí 20,000 kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wà níta, ní ilé ìtajà tàbí ilé epo, lè fi tó 500 náírà kún un. Ẹni tó gba 5,000 yóò san 100 náírà kan náà, nítorí náà bí ẹ bá máa gbà á, ẹ gba 20,000 lẹ́ẹ̀kan. Ti oní-POS kò dọ́gba láti àdúgbò kan sí òmíràn, ẹ béèrè kí ẹ tó fún un ní káàdì. Transfer tí kò ju 5,000 lọ jẹ́ 10 náírà, títí dé 50,000 jẹ́ 25, èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ jẹ́ 50, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn áàpù kan kì í gba nǹkan kan. Owó ìjọba 50 náírà tún wà lórí transfer tó bá tó 10,000, láti oṣù Kìíní ọdún 2026 sì ni ó ti di ẹrù ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́. Kóòdù tí a ń tẹ̀ lórí fóònù jẹ́ 6.98 náírà lẹ́ẹ̀kan.

Owó kékeré ni wọ́n lójú. Alárobọ̀ tàbí alájàpá tó ń ra ọjà lójoojúmọ́ yóò rí i pé ó pé òun láti kó owó tí òun ní láti san fún ẹnìkan pọ̀, kí ó sì fi í ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan.

Bí fóònù bá sọnù

Olè fóònù ní Èkó tàbí Ìbàdàn kì í wá fóònù nìkan mọ́. Ó máa ń yọ káàdì SIM síta, á fi í sínú fóònù mìíràn, nọ́ńbà ìdánilójú tí báńkì fi ń ránṣẹ́ á sì máa wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀. Ohun kan wà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀ tó ń dí i lọ́wọ́: ẹ lọ sí ibi ètò ààbò nínú fóònù yín kí ẹ fi PIN sórí SIM fúnra rẹ̀, kí ó má ṣe ṣiṣẹ́ nínú fóònù mìíràn láìjẹ́ pé a tẹ̀ ẹ́. Ẹ béèrè PIN ìbẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ni SIM náà, ẹ má ṣe méfò, nítorí bí ẹ bá ṣì í lẹ́ẹ̀mẹta, yóò tì.

Ọ̀pọ̀ báńkì ní kóòdù tí a lè tẹ̀ láti orí fóònù ẹlòmíràn láti ti àkáǹtì pa. Ẹ béèrè tiyín lónìí, kí ẹ kọ ọ́ sórí ìwé pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù báńkì náà, kí ẹ fi ọ̀kan sílé kí ẹ sì fi ọ̀kan sínú àpò owó. Kò wúlò bí ó bá jẹ́ pé inú fóònù tó sọnù ni ẹ kọ ọ́ sí.

Bí owó bá há

Ẹ kọ́kọ́ kọ wákàtí, iye owó, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti nọ́ńbà gígùn tó wà lórí ìwé ẹ̀rí sílẹ̀. Ohun tí CBN là kalẹ̀ ni pé kí owó tó há lórí ATM báńkì mìíràn padà láàárín wákàtí 48, kí ti POS tàbí orí íntánẹ́ẹ̀tì sì padà láàárín wákàtí 72. Bí àsìkò náà bá kọjá, ẹ lọ bá báńkì yín, kì í ṣe báńkì ẹni tó ta ọjà fún yín, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn. Bí ó bá jẹ́ transfer tí ẹ ṣi ránṣẹ́ ni, ẹ má ṣe dúró rárá: ẹ pe báńkì yín lójú ẹsẹ̀, nítorí bí owó náà bá ṣì wà níbẹ̀, wọ́n lè bá báńkì kejì sọ̀rọ̀ kí ẹni náà tó ná an.

Ẹ fi ẹ̀sùn náà ṣọwọ́ ní kíkọ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kò tó. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí báńkì kò yanjú rẹ̀, ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka CBN tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ní cpd@cbn.gov.ng. Ẹ fi nọ́ńbà ẹ̀sùn tí báńkì fún yín sí i, ẹ so ìwé ẹ̀rí àti àkọsílẹ̀ àkáǹtì ọjọ́ náà mọ́ ọn, kí ẹ sì sọ iye tí ẹ ń béèrè ní gbólóhùn àkọ́kọ́.